Ó ń mì ni àbí ó ń mí?

Àríyànjiyàn tó gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ wa la fẹ́ gbé síwájú yín lónìí, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti gboyè jáde. Ọ̀rọ̀ náà kò ju sílébù kan ṣoṣo lọ. Àmì ohùn tó yẹ kó wà lórí rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀, ibi tí ìjà náà sì gbé wa dé, a kò rò ó rí.

Àwa mẹ́ta la kọ èyí. Ọ̀kan nínú wa ń gbé ní Ìfọ̀, ọ̀kan ní Mowé, ọ̀kan ní Ìbàfò. (Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ ohun tí ojú ọmọ Ìbàfò ń rí kó tó dé kíláàsì aago mẹ́jọ. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Yorùbá ni gbogbo wa ń kà, ẹ sì ti mọ ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e: "Yorùbá? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ka Kẹ́mísírì, tí òun àti ẹni Ìfọ̀ jọ ń gbé ilé kan náà, ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ń múra iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi àwòrán kan hàn wá lórí fóònù, èyí tó rí nínú ìwádìí àwọn ará òkè òkun. Ìlà kan ni, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń gòkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, bí eyín ayùn. A ní kí ni. Ó tú Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. A ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí kò ṣe é sọ ní Yorùbá."

Gbólóhùn yẹn la kò gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ìlà náà dá lé. Bí èèyàn bá fẹ́ fi irin kan bo òmíràn lára, bíi fàdákà lára ṣíbí tàbí kúróòmù lára bọ́ńpà mọ́tò, á wá iyọ̀ tó ní irin náà nínú, á yọ́ ọ sínú omi, á ti ohun tó fẹ́ bò bọ inú omi náà, á sì so ó mọ́ nẹ́gátíìfù bátìrì. Irin tó wà nínú omi yẹn wà ní ẹyọ ẹyọ tí ojú kò lè rí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ru iná tirẹ̀. Ayọ́ọ̀nù là ń pè wọ́n. Wọ́n á lọ bá ọ̀pá tó wà nínú omi, wọ́n á gba iná lára rẹ̀, wọ́n á sì padà di irin lórí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń bò ó.

Omi ní àlébù kan. Bí a bá fi agbára ti iná náà ju bó ṣe yẹ lọ, omi fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, á di gáàsì. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé ṣe láti fi alumíníọ́mù bo nǹkan nínú omi: omi á ti ya tán kí alumíníọ́mù tó gbọ́. Àwọn onímọ̀ wá rò ó pé, bí a bá yọ́ iyọ̀ fúnra rẹ̀ láìbu omi sí i ńkọ́? Ẹni bá fẹ́ yọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ á mú iná tó gbóná tó 801 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ní 1914, Paul Walden sọ nípa iyọ̀ kan tó ń yọ́ ní ìwọ̀n 12 péré, iyọ̀ tó jẹ́ pé ìgò lẹ máa bù ú sí, ẹ kò ní bù ú sínú ìwé. Ní 1951, Hurley àti Wier fi irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ bo nǹkan ní alumíníọ́mù ní Amẹ́ríkà. Iyọ̀ olómi la sọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì gba ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ wa.

Ní 2003 ni Andrew Abbott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Leicester gbé ìbátan rẹ̀ kan jáde. Wọ́n mú ìwọ̀n kan kólíìnì kílóráìdì, tó jẹ́ pé ìwọ̀n 302 ló tó ń yọ́, wọ́n pò ó mọ́ ìwọ̀n méjì yùríà tó ń yọ́ ní 133. Àdàlù méjèèjì di olómi ní 12. Àwọn kan kì í fẹ́ kí wọ́n pe èyí ní iyọ̀ olómi gan-an, torí pé yùríà kì í ṣe iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá ìyẹn lọ. Ohun tó dá wa dúró ni pé kólíìnì kílóráìdì yìí làwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ máa ń fi sínú oúnjẹ náà, yùríà sì ni ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko àgbàdo. Ẹni tó bá ti gba Ìfọ̀ wọ abúlé rí mọ òórùn ilé adìyẹ. Nǹkan tí ọ̀rẹ́ wa sọ pé kò ṣe é sọ ní Yorùbá, àwọn tó ń sọ Yorùbá ló ń rù ú wọ ọkọ̀.

Ó wá ku eyín ayùn. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà mú kí iná tó ń ṣàn dúró sójú kan, wọn ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan mọ́. Wọ́n kàn ń wọn agbára tí ẹ̀rọ náà ń lò láti ti iná kó lè máa ṣàn bó ṣe ń ṣàn. Èèyàn á rò pé agbára náà á dúró sójú kan pẹ̀lú. Kò dúró. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ kan ń yí i. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: láti 1828 ni Gustav Fechner, ará Jámánì, ti rí i tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lára irin tó wà nínú ásíìdì tó ní fàdákà nínú. Síbẹ̀, nígbà tí Boris Belousov ní Rọ́ṣíà rí oògùn tó ń pàwọ̀ dà lọ dà bọ̀ nínú ìgò ní nǹkan bíi 1951, àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ìmọ̀ kò gbà á wọlé, wọ́n ní irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Lenin ní 1980. Ó ti kú ní 1970.

Kí la ó pe lílọ-bíbọ̀ yìí? Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni Mowé ní ó ń fì. A bi í pé ta ló tì í? Ohun tó ń fì, ẹnìkan ló sábà ń tì í, tó bá sì pẹ́ á rọra dúró. Èyí kì í dúró níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Ẹni Ìfọ̀ ní ó ń mì, bí igi ṣe ń mì, bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Àtakò kan náà la fi pàdé rẹ̀: afẹ́fẹ́ ló ń mi igi, kí ló ń mi èyí? Ẹni Ìbàfò wá ní "mì" sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Ó ń mí ni, bí ẹni tó ń mí sínú tó ń mí síta. Ọ̀rẹ́ wa oníkẹ́mísírì ní kò ní ẹ̀mí, báwo ni yóò ṣe mí? Ẹni Ìfọ̀ fèsì pé "mì" tòun tilẹ̀ dára jù, torí ọ̀pá yẹn náà ń gbé ayọ́ọ̀nù mì. A fi ẹ̀rín tú ká lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì a rí i pé a kò lè yan ọ̀rọ̀ láìmọ ohun tó fà á. A bi ọ̀rẹ́ wa. Ó ka ìlà kan sí wa létí láti inú ìwé náà. A ní kí ni ìlà yẹn túmọ̀ sí. Ó tún un kà. A ní a gbọ́, kí ló túmọ̀ sí? Ó dákẹ́. Ọmọ tó ń gba máàkì gidi ni o, a kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa náà ti kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdánwò rí, èyí tí a há sórí tí kò dé inú. Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbà fún èèyàn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá á jókòó síbẹ̀, á bo ihò mọ́lẹ̀. Ìgbà tí a ní kó sọ ọ́ ní èdè tó fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ihò náà hàn.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá a. Ní àárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn la yà sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣáàjì bátìrì lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìfọ̀. Ẹ rántí pé iṣẹ́ kan náà ni: bátìrì tó ti kú, òjé inú rẹ̀ ti di nǹkan funfun, ṣíṣáàjì ló ń sọ ọ́ padà di òjé lórí plétì nẹ́gátíìfù. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni bàbá náà fi ń dá irin padà sí àyè rẹ̀, kò kàn sí ẹni tó sọ fún un pé Kẹ́mísírì ló ń ṣe.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bátìrì yín dà?"

A ní a kò gbé bátìrì wá, ìbéèrè la gbé wá. Ó wò wá láti òkè délẹ̀, ó sì fi àga hàn wá. A bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé bátìrì ti kún.

"Ó máa ń hó ni," bàbá fèsì. "Bó bá ti kún, kò rí nǹkan gbà mọ́, iná wá lọ ń bá omi jà. Omi á sì máa hó. Kì í ṣe pé ó gbóná o, ó kàn ń hó."

A sọ fún ọ̀rẹ́ wa nígbà tó dé. Ó pariwo, ó ní ohun tí òun fi ọjọ́ mẹ́ta wá nìyẹn gan-an.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lẹ́yìn náà la fẹ́ sọ, ọkọ̀ la sì fẹ́ fi sọ ọ́. Ẹ fojú inú wo danfó kan ní ibùdókọ̀ Ìbàfò. Ọ̀gá ọkọ̀ ti pàṣẹ pé èrò mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ máa wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ dín. Àwọn tó dúró nítòsí wọlé, kọ́ńdọ́ kò tiẹ̀ pariwo. Ṣùgbọ́n gósíló ti di ojú ọ̀nà pa lẹ́yìn, àwọn èrò tókù kò tètè dé. Iyọ̀ olómi ki bí òróró ẹ́ńjìnnì, àwọn ayọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò lè sáré bí ti inú omi. Èrò ibùdókọ̀ tán, àṣẹ kò sì yí padà. Kọ́ńdọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó pariwo títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun tí kì í gbé tẹ́lẹ̀, ẹrù, ewúrẹ́, ohunkóhun. Ohùn kọ́ńdọ́ tó ń lọ sókè ni ìlà tó ń gòkè yẹn. Gbígbé ẹrù àti ewúrẹ́ ni iná tó lọ ń bá omi jà, bíi ti bátìrì bàbá: ìwọ̀nba omi tó bá yọ́ wọ inú iyọ̀ náà, tàbí iyọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Híhó yẹn ló ń ru olómi náà sókè, ọ̀nà á là, àwọn ayọ́ọ̀nù tuntun á rọ́ dé bí èrò tó bọ́ nínú gósíló. Kọ́ńdọ́ á rẹ ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ibùdókọ̀ á tún ṣófo.

Kì í ṣe híhó nìkan ló lè fà á. Nígbà mìíràn awọ fẹ́lẹ́ kan ló ń bo ọ̀pá náà lójú, bí awọ tó máa ń bo ẹ̀kọ gbígbóná tí a bá gbé e kalẹ̀. Awọ dí ọ̀nà, agbára gòkè. Awọ fàya, agbára sọ̀. Awọ tuntun tún dì. Gbogbo ìlọ-bọ̀ yìí sì máa ń fi àpá sílẹ̀ lára irin tó ń dì. Ní 1998, Jay Switzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Missouri lo irú rẹ̀, inú omi ni tiwọn, láti fi bàbà àti ìpáta bàbà tò lé ara wọn ní ìpele ìpele, tó fẹ́lẹ́ ju ohun tí ojú lè rí lọ. Wọn kò fi ọwọ́ tò ó. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ ló bá wọn tò ó.

Nígbà tí a ti mọ èyí, méjì nínú wa fara mọ́ "ń mí". Ohun tó ń mì, láti ìta la ti ń mì í. Èyí ń lo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tán, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ó rí i, ó tún lò ó tán. Ẹni Ìfọ̀ kò gbà títí di òní.

Ó yẹ ká wá sọ ìdí tí a fi ń da gbogbo èyí sí yín létí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé òfin ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé èdè abínibí wà lára ohun tó ń fa ìfìdírẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Òfin tí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

A kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Nínú kíláàsì kan ní Mowé, ẹ máa bá ọmọ Íbò, ọmọ Ègùn, ọmọ Ìdómà. Èdè ta ni kí olùkọ́ mú? Ìbéèrè gidi nìyẹn, a kò sì rí ìdáhùn tó tẹ́ wa lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè tí wọ́n fi fagi lé òfin náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé èdè náà ló ń jẹ́ kí ọmọ má mọ̀wé. Ìyẹn ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá lóhùn ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹni tó yẹ ká bínú sí jù ni ara wa, àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá. Nínú ìdánwò wa, a ń kọ "fóníìmù", a ń kọ "mọ́fíìmù", ojú kì í tì wá. Àwọn baba wa jókòó, Ayọ̀ Bámgbóṣé sì kó àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, torí wọ́n nílò wọn fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Wọ́n ṣe tiwọn. Kí ló dé tí "fóníìmù" fi jẹ́ Yorùbá tí "ayọ́ọ̀nù" fi jẹ́ àpárá? Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá wa ló ń tún orin kan náà kọ lórí ìwé ìtàn-àròsọ kan náà. A kò kẹ́gàn rẹ̀, àwa náà ti yan tiwa nínú rẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lè bá ọmọ Kẹ́mísírì tàbí ọmọ ìṣègùn jókòó, kó kọ nǹkan kan ní Yorùbá tó máa yé ẹni tó kà á, kí ẹ̀ka wa sì fún un ní máàkì fún un.

Bí ẹnìkan bá rò pé eré la ń ṣe, kó rántí Ògìjò, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Ní 2025 ni ìròyìn tàn káyé nípa òjé tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀, lágbègbè tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì àlòkù. Òjé yẹn ni òjé bátìrì bàbá Ìfọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣeré nínú erùpẹ̀ nílò ẹni tó máa sọ fún un, ní ọ̀rọ̀ tí kò fi ihò pa mọ́, bí òjé ṣe ń ti inú èéfín bọ́ sórí erùpẹ̀, láti orí erùpẹ̀ dé ọwọ́, láti ọwọ́ dé ẹnu. Ta ló máa kọ ọ́? Ọmọ Kẹ́mísírì ní kò ṣe é sọ ní Yorùbá. Àwa tí a mọ Yorùbá ń ka orúkọ ẹ̀dá-ìtàn.

Ọ̀rẹ́ wa ti kọ ojú ìwé méjì ní Yorùbá báyìí, ó fẹ́ fi í sí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń bẹ̀rù ohun tí olùdarí rẹ̀ máa sọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá a ka ojú ìwé àkọ́kọ́ sí bàbá oníbátìrì létí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní gbogbo rẹ̀ yé òun, ṣùgbọ́n ṣé àwa náà mọ̀ pé kọ́ńdọ́ Ìbàfò kì í rẹ ohùn sílẹ̀ láéláé?

Ẹni Ìfọ̀ ṣì ń kọ ọ́ ní "mì" níbi gbogbo tó bá ti fọwọ́ kàn án nínú ojú ìwé méjì yẹn, ẹni Ìbàfò ń tẹ̀lé e tó ń yí àmì rẹ̀ padà. Ẹ bá wa dá sí i.